Fọ́tò tí ẹni tó yà á kò tíì rí: bí lámèyítọ́ Domon Ken ṣe di ilé-ẹ̀kọ́ ní Jápáànì

Bí ènìyàn bá gbé kámẹ́rà rangefinder sójú, ohun tí ojú rẹ̀ ń rí kọ́ ni lẹ́ǹsì ń rí. Fèrèsé kékeré méjì ló wà lókè kámẹ́rà náà, wọ́n sì jìnnà síra díẹ̀. Dígí inú rẹ̀ a máa gbé ohun tí fèrèsé kejì rí wá sórí ohun tí àkọ́kọ́ rí, tí ẹni tí à ń wò yóò fi di méjì, bí ìgbà tí òjìji bá dúró ti olówó rẹ̀. Bí ayàwòrán bá ti ń yí lẹ́ǹsì ni òjìji yìí yóò máa sún, títí tí yóò fi bọ́ sórí ojúlówó rẹ̀ gẹ́ẹ́. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé lẹ́ǹsì ti mú ibi tí òun fẹ́. Ọgbọ́n kan náà ni ojú méjì tó wà lórí ọmọ ènìyàn ń lò: ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà láàárín ohun tí ojú ọ̀tún rí àti èyí tí ti òsì rí ni ọpọlọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó.

Oskar Barnack, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Leitz ní ìlú Wetzlar lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló ṣe kámẹ́rà Leica tó jáde sọ́jà lọ́dún 1925. Fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn onísinimá ń lò ló fi sínú rẹ̀, àwòrán 36 ni ó sì ń gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju mílímítà 24 sí 36 lọ. Ọdún 1932 ni wọ́n so fèrèsé méjèèjì yẹn pọ̀ mọ́ lẹ́ǹsì lára Leica II. Ọdún yìí kan náà ni Contax, tí í ṣe orogún rẹ̀, dé. Leica M3 tẹ̀ lé wọn lọ́dún 1954. Àwọn tó ń ya fọ́tò ní ìgboro fẹ́ràn irú kámẹ́rà yìí púpọ̀. Ó wọ àpò kóòtù, kì í pariwo, ìlà funfun tó wà nínú fèrèsé M3 sì ń fi ibi tí fọ́tò yóò mọ hàn, síbẹ̀ ojú ń rí ohun tó wà lẹ́yìn ìlà náà. Ayàwòrán ti rí ẹni tó ń bọ̀ kí ó tó wọ inú àwòrán.

Àmọ́ àléébù rẹ̀ kò kéré. Nínú fèrèsé yẹn, ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lọ́nà jíjìn ló ń hàn kedere bákan náà, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè fojú rí ohun tí yóò ṣú bàìbàì nínú fọ́tò. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ti gbàgbé ìdérí sójú lẹ́ǹsì, tó sì ya fọ́tò mẹ́wàá láìfura, nítorí fèrèsé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ roro. Ó dìgbà tí wọ́n bá fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn kí èsì tó jáde, ìyẹn sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Láàárín ìgbà náà, ayàwòrán ti ń rántí oòrùn ọjọ́ náà, ariwo ọjà àti bí inú rẹ̀ ṣe dùn, yóò sì máa rò pé gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í kúkú mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn oní-rangefinder ti ń wá ojú ẹlòmíràn, ojú ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí kò rántí ohunkóhun, tó jẹ́ pé bébà tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ní Paris àti New York, àwọn tó dá àjọ Magnum sílẹ̀ lọ́dún 1947, Robert Capa, Henri Cartier-Bresson, George Rodger àti David Seymour, sọ ọ́ di òfin láàárín ara wọn. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ wọ àjọ náà gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ rẹ̀ wá síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé ọdọọdún, wọn yóò sì dìbò lé e lórí. Cartier-Bresson ní tirẹ̀ a máa dorí fọ́tò kodò kí ó tó dájọ́, kí ojú rẹ̀ lè gbàgbé ẹni tó wà nínú rẹ̀, kí ó wo bí ìlà àti òjìji ṣe jókòó. Àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ibi tí lámèyítọ́ ti di ti mẹ̀kúnnù gbogbo ni Jápáànì.

Lẹ́yìn ogun tó parí lọ́dún 1945, àlàpà ni ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Tokyo. Àwọn ọmọ òrukàn ń sùn sí ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn ọmọ ogun tó pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀ ń ṣagbe lójú títì. Síbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Canon àti Nikon ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rangefinder tiwọn, lẹ́ǹsì wọn sì dára débi pé nígbà tí ogun Kòríà bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1950, David Douglas Duncan, ayàwòrán ìwé ìròyìn Life ti Amẹ́ríkà, ló lẹ́ǹsì Nikon níbẹ̀. Akọ̀wé báńkì, olùkọ́ ilé-ìwé àti akẹ́kọ̀ọ́ ní kámẹ́rà lọ́wọ́, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi yà. Òdòdó àti òkè tí yìnyín bò ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 ni ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan tí wọ́n ń pè ní Camera gbé ìdíje àwọn òǹkàwé rẹ̀ lé Domon Ken lọ́wọ́. (Orúkọ ìdílé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá nílẹ̀ Jápáànì, Domon ni ti ìdílé rẹ̀.) Ìlú Sakata ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1909. Dípò kó kàn máa pín ẹ̀bùn, ṣe ni ó ń ṣàlàyé fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó ń sọ ohun tó gbé e ga àti ohun tó bà á jẹ́, ó sì ń béèrè ìdí tí ẹni náà fi yà á. Ohun méjì ló ń tẹnu mọ́: kí kámẹ́rà àti ohun tí wọ́n ń yà so pọ̀ tààrà láìsí ohunkóhun láàárín, kí fọ́tò jẹ́ ti ojú-ẹsẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tò. Ẹ̀kọ́ yìí bá kámẹ́rà kékeré mu wẹ́kú. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé ẹnu ọkùnrin yìí ló ti jáde, nítorí kí ogun tó parí, kámẹ́rà ńlá tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń ya tẹ́ńpìlì Murō-ji, níbi tí kò ti sí ohun tó lè sá lọ.

Kimura Ihei náà bá a dá sí lámèyítọ́ yìí. Ọ̀gá Leica ni Kimura, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Domon lọ. Ibi tí Domon ti ń béèrè ohun tí fọ́tò sọ nípa ìlú ni Kimura ti ń wo bí obìnrin kan ṣe yí ọrùn. Ó dára tí wọ́n jẹ́ méjì, nítorí bí adájọ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, ohun tó fẹ́ràn ni gbogbo ènìyàn yóò máa yà.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí àwọn òǹkàwé gbọ́ pé kí wọ́n kọjú sí ìlú bó ṣe wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ibi tó rọrùn jù: alágbe. Fọ́tò alágbe àti ti ọmọ ojú títì ń rọ́ wọlé, débi pé àwọn alátakò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní fọ́tò alágbe lásán ni gbogbo ariwo náà. Ẹ̀bi Domon wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀bi náà jinlẹ̀ ju ti ẹyọ ènìyàn lọ. Adájọ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn lè mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó sì lè mọ̀ pé ayàwòrán jìnnà jù. Kò lè mọ̀ bóyá ẹni náà kí alágbe yẹn kí ó tó gbé kámẹ́rà sójú, tàbí ṣe ló jí i yà, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n yà kò sí lára àwọn tó ń dájọ́. Bí fọ́tò bá gba ẹ̀bùn, ayàwòrán ló gbà á.

Kò pẹ́ tí Domon fúnra rẹ̀ fi kéde pé ìpele àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà ti parí. Ìwé ni ó wá fi ṣe èsì tirẹ̀. Lọ́dún 1957 ó lọ sí Hiroshima, ìwé rẹ̀ lórí àwọn tí bọ́ǹbù ṣe lọ́ṣẹ́ sì jáde lọ́dún 1958. Lọ́dún 1960 ó gbé ìwé jáde nípa àwọn ọmọdé ní Chikuhō, níbi tí kùsà èédú ti ń kógbá sílé tí àwọn òbí kò sì níṣẹ́ mọ́. Bébà tí kò wọ́n ni ó fi tẹ̀ ẹ́, ó sì tà á ní 100 yẹ́ẹ̀nì kí tálákà lè rà á. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọbìnrin méjì kan tó wà nínú ìwé náà kú, ó padà lọ síbẹ̀, ó sì ṣe ìwé kejì lọ́dún kan náà. Ayàwòrán tó padà lọ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń wá ẹ̀bùn oṣù.

Ìdíje yẹn kò já sí asán rárá. Tomatsu Shomei, akẹ́kọ̀ọ́ láti Nagoya, àti Kawada Kikuji wà lára àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Camera. Àwọn méjèèjì ló wá bá àwọn mẹ́rin mìíràn dá ẹgbẹ́ VIVO sílẹ̀ lọ́dún 1959. Chizu, ìwé Kawada ti ọdún 1965, àti ìwé Tomatsu lórí Nagasaki tó jáde lọ́dún 1966, kò jọ ohun tí Domon kọ́ wọn. Ògiri tó dípẹtà àti ìgò tí iná bọ́ǹbù yọ́ ni wọ́n ń yà, wọ́n sì jẹ́ kí òkùnkùn bo ohun tí ọ̀gá ì bá fẹ́ kó hàn gbangba. Lámèyítọ́ tó le ló fún wọn ní ohun tí wọn yóò bá jiyàn.

Láàárín àwọn tó ṣì fẹ́ràn kámẹ́rà yìí, ọ̀nà kan wà tó dín àbùkù adájọ́ Tokyo kù. Wọn kì í mú fọ́tò kan ṣoṣo wá. Wọ́n á tẹ gbogbo àwòrán 36 sórí bébà kan ṣoṣo, ní kékeré bí wọ́n ṣe wà lára fíìmù, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀. Níbẹ̀ ni àṣírí ti ń tú: ìgbà tí ayàwòrán kọ́kọ́ bẹ̀rù, ìgbà tó sún mọ́ ọn, ìgbà tí ẹni tí ó ń yà rí i, bóyá onítọ̀hún rẹ́rìn-ín tàbí ó fọwọ́ bojú, àti bóyá ayàwòrán dáwọ́ dúró nígbà náà.

Leica ti ń ṣe rangefinder tí kò lo fíìmù láti ọdún 2006, àwòrán sì ń hàn lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ lọ́dún 2016 ilé-iṣẹ́ náà gbé M-D jáde, kámẹ́rà olówó gọbọi tí kò ní gíláàsì kankan tí ènìyàn lè fi wo ohun tó yà, ó sì tún gbé M11-D tí kò ní in jáde lọ́dún 2024. Àwọn tó ń rà wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sanwó kí wọ́n má baà rí fọ́tò wọn títí wọn yóò fi délé.