Àṣìṣe Akẹ́kọ̀ọ́, Àtinúdá Olùkọ́: Àlàyé Lórí Kíkọ́ni ní Èdè Kejì ní Ilẹ̀ Yorùbá Bẹ̀nẹ̀

1. Ìfáàrà

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí à ń pè ní signal. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ni wọ́n ń so ó mọ́ lọ́rùn, yóò sì máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mìíràn. Ohun tí a tètè kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe Faransé, dídákẹ́ ni. Ẹni tí kò bá lanu kò lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Lónìí, signal ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣì kù: olùkọ́ á béèrè ọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì á sì fi gbólóhùn tó wà lára pátákó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àtinúdá jẹ́ fún olùkọ́ èdè kejì. Èrò wa ni pé kì í ṣe orin àti àwòrán tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sára ẹ̀kọ́. Ó jẹ́ agbára láti rí ohun tó fa àṣìṣe ọmọ, kí a sì sọ ohun náà di iṣẹ́ tí yóò mú ọmọ sọ̀rọ̀. A kì í bí agbára yìí mọ́ni. Ó ṣeé kọ́, bí ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bá fi àyè sílẹ̀ fún un.

2. Ìtumọ̀ méjì tó yẹ kí a so pọ̀

Ọ̀rọ̀ àtinúdá kò ṣàjèjì sí àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Nínú Cartesian Linguistics (1966), Chomsky tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó gbọ́ èdè lè sọ gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí, kí ó sì yé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ní ti iṣẹ́ ìkọ́ni, àtinúdá ni kí olùkọ́ dá ohun tuntun tó wúlò fún kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. A sábà máa ń ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ èkíní ni òṣùwọ̀n èkejì. Bí ẹ̀kọ́ kan bá dùn títí, tí ọmọ kankan kò sì sọ gbólóhùn tí a kò ti fi sí i lẹ́nu tẹ́lẹ̀, àtinúdá olùkọ́ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Orin tí a kọ́ sórí, àkọ́sórí náà ni.

3. Àpẹẹrẹ kan: ó, il àti elle

Ẹ jẹ́ kí a wo irú gbólóhùn yìí: «Ma mère est au marché, il vend du maïs.» Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́, kò ṣàjèjì sí olùkọ́. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ Yorùbá, ó, kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. É ti Fọn náà kò yà á. Nítorí náà ọmọ tó ń sọ Fọn nílé kò bọ́ nínú rẹ̀. Olùkọ́ lè kígbe pé «Elle!», kí kíláàsì tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá dọ̀la, il náà ni ọmọ yóò tún sọ.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1959, Jakobson ṣàlàyé pé ohun tí èdè kọ̀ọ̀kan sọ di dandan fún ẹni tó ń sọ ọ́ ló fi yàtọ̀ sí òmíràn, kì í ṣe ohun tí ó lè sọ. Orúkọ ìbátan fi èyí hàn kedere. Bí mo bá pe ẹnìkan ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò mi, mo ti sọ ẹni tó dàgbà jù nínú wa. N kò tíì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Frère àti sœur ṣe òdìkejì èyí. «Àbúrò ìyá mi» lè jẹ́ oncle, ó sì lè jẹ́ tante.

Olùkọ́ tó bá kíyè sí èyí ti rí eré kan. Ó lè gbé e ka orí àlọ́ àpamọ̀ tí àwọn ọmọ ti mọ̀ láti ilé. Ọmọ kan á dìde, á ro ìbátan rẹ̀ kan, á sì sọ ní Yorùbá pé: «Àbúrò ìyá mi ni.» Kíláàsì á béèrè ìbéèrè márùn-ún péré ní Faransé, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ irú iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. «C'est un homme ou une femme ? Elle vend au marché ? Elle habite à Pobè ?» Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ṣeé yẹ̀, nítorí bí wọn kò bá mọ èyí tó jẹ́ nínú il àti elle, èyí tó kù á nira láti béèrè. Ìyàtọ̀ tí a ti ń kígbe mọ́ ọmọ lórí ti di ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá. Lẹ́yìn náà, a lè yí eré padà: ọmọ kan á ní «mon frère», kíláàsì á sì béèrè ní Yorùbá bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Wọ́n á rí i pé kò sí èdè tó sọ ohun gbogbo tán.

Àwọn kan á ní Yorùbá yóò gba àkókò Faransé. Nínú eré yìí, gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo ló ń bí ìbéèrè Faransé márùn-ún.

4. Àtinúdá kò lè dúró láìsí ìmọ̀

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló ti ọ̀dọ̀ èdè abínibí wá. «Ils sontaient» wà lẹ́nu àwọn ọmọ kékeré tó jẹ́ pé Faransé ni èdè abínibí wọn pàápàá. Ọmọ náà ti rí òfin kan, ó sì gbé e dé ibi tí òfin náà kò dé. Olùkọ́ tó bá di ẹ̀bi èyí ru Yorùbá yóò wá oògùn tí kò kan àrùn. Nítorí náà, olùkọ́ tó fẹ́ ní àtinúdá gbọ́dọ̀ mọ ìgbékalẹ̀ èdè méjèèjì dáadáa, kí ó sì mọ bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè.

5. Ta ló ń fún olùkọ́ láyè?

Láti 1999 ni approche par compétences ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ìpele mẹ́ta tí a mọ̀ mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni introduction, réalisation, àti retour et projection. Ní ìpele kẹta, ọmọ á bojú wẹ̀yìn wo ohun tó kọ́, á sọ ibi tó ti le fún un, á sì wo ibi tí yóò ti lò ó. Ètò yìí dára. Ṣùgbọ́n níbo ni retour et projection ti olùkọ́ wà? Guide wà lọ́wọ́ rẹ̀, fiche wà láti kọ, àwọn ọmọ kún kíláàsì, ìdánwò CEP sì ń bọ̀. Bí ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò kò bá wo ju bóyá fiche bá guide mu lọ, olùkọ́ tó gbìyànjú eré àlọ́ lè gbọ́ pé òun ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Òun náà á kọ́ láti dákẹ́, bí àwa ṣe kọ́ ọ nígbà signal.

Ní 1975, Stenhouse jiyàn pé ètò ẹ̀kọ́ kò lè dàgbà bí olùkọ́ kò bá dàgbà, àti pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olùwádìí nínú kíláàsì rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ tí Fafunwa darí láti 1970 fi ohun tó jọ ọ́ hàn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí èdè kejì lọ́wọ́ olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ pàtàkì fún un. Apá kìíní la sábà máa ń tọ́ka sí. Ipa olùkọ́ tó wà nínú èkejì kì í pẹ́ tí a fi í gbàgbé.

6. Àbá àti ìgúnlẹ̀

Àbá wa kò gba owó. Àwọn olùkọ́ ti ń pàdé nínú unité pédagogique. Kí ẹnìkan mú àṣìṣe kan tó gbọ́ nínú kíláàsì rẹ̀ wá sí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ọmọ sọ gan-an? Kí ló mú un sọ bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ wo ni a lè fi ṣe? Bí wọ́n bá padà dé, kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dán an wò, títí kan èyí tí kò yọrí sí rere.

Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ipa tiwa níbẹ̀. Ìbéèrè kejì ni pápá wa, ó sì yẹ kí a lè fi èdè tó yé olùkọ́ dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè kẹta jẹ́ ti olùkọ́, nítorí òun ló mọ àwọn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá gbà pé àkíyèsí rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀, ẹnu rẹ̀ á là. Bí ẹnu olùkọ́ bá sì là, ọmọ náà á lanu.