Ọmọ Ń Sunkún, Ìyá Ń Tijú: Ọ̀rọ̀ Ọmú Fífún ní Gbangba ní Ìlú Accra

Nínú ọkọ̀ èrò kan tí ó ń ti Madina bọ̀ wá sí Tudu ni a wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ ìkókó kan bú sẹ́kún. Tro-tro ni àwọn ará Accra ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí owó ọkọ̀ ti jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, èyí tí àwa náà ń pè ní tọ́rọ́ nílé wa. Ọ̀dọ́bìnrin ni ìyá ọmọ náà, olùkọ́ ni, aṣọ kaba tí aránṣọ rán mọ́ ọn lára pinpin ni ó sì wọ̀. Ó mi ọmọ náà títí, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kọrin sí i létí, ó yọ ìgò omi jáde kúrò nínú àpò, ọmọ kọ̀ ọ́. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń wo ìta láti ojú fèrèsé bí ẹni tí ó fẹ́ fò jáde. Ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà kò bú u. Síbẹ̀ gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọmọ náà ń fẹ́, òun náà sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó tì í gbọ́ pé èdè Yorùbá ni ó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó tú aṣọ èjìká rẹ̀, ó ta á bí ẹni ta àtíbàbà, ó wí pé: “Ìyàwó, fún ọmọ lọ́mú. Èmi ni ògiri rẹ.” Ọ̀dọ́bìnrin náà dáhùn pé, “Ẹ ṣé, Mà,” ṣùgbọ́n ó ṣe díẹ̀ kí ó tó lè mú aṣọ kaba náà sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ni sípù rẹ̀ wà. Nígbà tí ọmọ rí ọmú, ìdákẹ́jẹ́ tí ó bá ọkọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi bojú wẹ̀yìn.

Ìyá àgbà náà ni ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa kí a tó dé Tudu. Ọmọ ọdún méje ni ó jẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn kúrò ní ilẹ̀ Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn ọkùnrin tí wọn kò mọ̀ rí, ni ìyá rẹ̀ ti ń fún àbúrò rẹ̀ lọ́mú láti ìlú dé ìlú. Ọmọ náà kò fi ẹnu kan ohun mìíràn lójú ọ̀nà, nítorí pé omi tí ó mọ́ ṣọ̀wọ́n. Àbúrò náà ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Ìyá àgbà náà kò sọ èyí bí ẹni ń ṣògo. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé olùkọ́ tí ó mọ ìwé ń tijú ohun tí ìyá òun kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ ìtìjú.

Ó ya àwa náà lẹ́nu. Bí a bá rìn wọ ọjà Makola lónìí, a óò rí àwọn ìyá tí wọ́n ń ka owó tòmátì pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, tí ọwọ́ òsì sì gbé ọmọ mọ́ àyà, kò sí ẹni tí ń wò wọ́n. Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ igi ní àwòrán abiyamọ tí ó kúnlẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọmú, wọ́n sì gbé e sí ojúbọ níbi tí àgbà àti èwe ti lè rí i. Bí ìyá bá fẹ́ bẹ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ tí kò ṣeé kọ̀, ọmú tí ó fún un mu ni ó ń dì mú. Ó dá wa lójú pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ìtìjú náà ti wá. Ilé-ìwé, ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ń wọ aṣọ òkè-òkun, àti àwòrán ọmọ sísanra lára agolo mílíìkì, àwọn ni ó kó o wọlé, wọ́n sì sọ ọ́ di àmì ẹni tí ojú rẹ̀ ti là.

Nígbà tí a wà ní ìlú òyìnbó fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìwé-ìròyìn, a rí obìnrin kan tí òṣìṣẹ́ ilé ìtajà kan sọ fún pé kí ó lọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú nínú ilé ìgbẹ́. A kò mọ ẹni tí í jẹun nínú ilé ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń padà lẹ́yìn ìwà yìí. Òfin Scotland ti ọdún 2005 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti dí ìyá lọ́wọ́ tí ó bá ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú níbi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 sì dáàbò bo irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2018 ni ó tó di pé gbogbo ìpínlẹ̀ wọn ní òfin tí ó gba ìyá láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ohun tí wọ́n ń fi òfin rà padà nìyí, tí àwa ń sọ nù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìlú Accra yìí gan-an sì ni ó yẹ kí ó rántí jù. Dókítà obìnrin kan tí a bí ní Jamaica, Cicely Williams, dé sí Gold Coast ní ọdún 1929, ó sì tọ́jú àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Princess Marie Louise ní Accra. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Dípò kí ó fún àìsàn náà ní orúkọ tí ó ti inú ìwé Látìnì wá, ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá Gã ohun tí wọ́n ń pè é, ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ti wí i nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ọdún 1935: kwashiorkor, àìsàn tí í ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Gbogbo ayé ni ó ń lo ọ̀rọ̀ Gã náà títí di òní. Àwọn ìyá wa nílé mọ ewu kan náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí ọkọ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ìyàwó ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí a gbé Williams lọ sí Malaya, ó rí àwọn ọmọ tí ń kú nítorí mílíìkì inú agolo tí wọ́n fi rọ́pò ọmú. Ní ọdún 1939, ó dúró níwájú àwọn ènìyàn pàtàkì ní Singapore, ó sì pe irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ìpànìyàn.

Ó pẹ́ kí ayé tó gbọ́. Ọdún 1977 ni àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbà ta mílíìkì ọmọdé ní àwọn ilẹ̀ tálákà. Ní 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kalẹ̀ lórí títa irú mílíìkì bẹ́ẹ̀. Gánà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2000, èyí tí ó ka ìpolówó mílíìkì ìkókó fún ará ìlú léèwọ̀. Síbẹ̀, nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Gánà ní 2008, 63 nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà ni ó ń mu ọmú nìkan. Ní 2014, ó ti wálẹ̀ sí 52. A kò ní sọ pé ìtìjú nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n igbe ọmọ inú ọkọ̀ náà ṣì wà létí wa.

Nísinsin yìí, kí ni ìyá titun lè ṣe tí ojú kò fi ní tì í, tí ara yóò sì rọ̀ ọ́? Àwa kò fún ọmọ lọ́mú rí, akọ̀wé lásán ni wá. Lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí àti àwọn ìyá ni a ti gbọ́ èyí. Wọ́n ní kí ìyá má ṣe dúró di ìgbà tí ọmọ bá ké. Ọmọ tí ebi ń pa a máa kọ́kọ́ yí orí kiri, a sì máa fa ìkúùkù rẹ̀ mu. Bí ìyá bá fún un lọ́mú nígbà náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà nítòsí yóò rò pé ó ń sùn ni. Igbe ni í pe ojú ènìyàn. Kí ó fi ẹ̀yìn ti nǹkan, kí ó gbé àpò sí orí itan, kí ó sì gbé ọmọ wá bá ọmú. Bí ó bá tẹ ara rẹ̀ wá bá ọmọ, ẹ̀yìn yóò dùn ún kó tó délé. Kí ẹnu ọmọ là gbàgà, kí ó gba púpọ̀ nínú ibi dúdú tí ó yí orí ọmú ká, kí àgbọ̀n rẹ̀ sì kan ọmú. Bí ó bá ń ro ìyá, kí ó ti ìka kékeré bọ igun ẹnu ọmọ láti já a, kí ó tún un fi sẹ́nu. Egbò orí ọmú kì í ṣe ohun tí a ń fara dà.

Ní ti aṣọ, a kò tí ì rí èyí tí ó ju ìró àti bùbá lọ. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń gbé bùbá sókè, kì í ṣe pé a ń fà á láti ọrùn. Ara ọmọ a bo ikùn ìyá, bùbá a bo òkè ọmú, ìborùn a sì bo ìyókù. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí a rí ní Nima ń fi ìbòrí wọn ṣe é láìsí ìyọnu kankan. Aṣọ kaba ni ó ṣòro, nítorí sípù ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ lè fi ojú-ìlà sípù kékeré pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọmú méjèèjì, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Aṣọ kẹta tí ó máa ń bá kaba rìn, èyí tí àwọn ìyá fi ń pọn ọmọ, ni ó dára jù fún ìbòjú, bí kò bá ti nípọn. Kí ìyá má ṣe di ojú ọmọ pa nínú ooru Accra. Kí ó fi àyè sílẹ̀ láti máa rí imú rẹ̀. Bí ọmú bá ń ṣẹ̀ níwájú ènìyàn, kí ó fi apá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ẹni tí ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Kí ó kọ́kọ́ dán gbogbo èyí wò níwájú dígí nílé. Ní ti ìgò omi tí a rí nínú ọkọ̀ yẹn, ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà kò nílò rẹ̀, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó, nítorí nínú ìwọ̀n 100 ọmú, nǹkan bí 88 ni omi. Ìyá ni kí ó mu omi náà.

Ohun tí ó kù kò sí lọ́wọ́ ìyá nìkan. Òfin iṣẹ́ Gánà ti ọdún 2003 fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìsinmi ìbímọ. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 26. Ọ̀sẹ̀ 14 tí ó wà láàárín ni ọmọ ń já sí. Òfin kan náà fún un ní wákàtí kan lójúmọ́ láàárín iṣẹ́, láti fún ọmọ tí kò ju ọdún kan lọ lọ́mú, gẹ́gẹ́ bí òfin Nàìjíríà ti fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ láti 2014, nígbà tí ó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní ìsinmi oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé tí ń ka ìwé yìí, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ara yín bí wákàtí náà bá wà nínú ìwé ètò iṣẹ́ yín, àti bí yàrá kan bá wà tí ó ní ìjókòó àti ilẹ̀kùn.

Olùkọ́ inú ọkọ̀ náà kò gbọ́ nípa wákàtí yìí rí títí a fi sọ fún un. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ rẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà òfin náà, 651, sí ẹ̀yìn ìwé kékeré kan, ó ní òun yóò mú un tọ ọ̀gá òun lọ ní ọjọ́ Ajé, òun yóò sì gbé kaba náà lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ìyá àgbà náà ti sọ̀ kalẹ̀ ní Makola nígbà náà. Aṣọ èjìká rẹ̀ ṣì wà lára ọmọ, ọmọ sì ti sùn.