Ẹni Tó Ń Yẹ Ọkọ̀ Wò Kó Tó Sáré

Ní etí pápá tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ rìmóòtù sáré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, tábìlì kan máa ń wà tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí táyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀ pápá. Ẹni tó dúró nídìí tábìlì yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé òun náà ní ọkọ̀ tó fẹ́ sá lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó da ọkọ̀ délẹ̀, kó fọwọ́ mi ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wọn ohun tó yẹ ní wíwọ̀n, kó sì ní kí ọlọ́kọ̀ pa rìmóòtù kí òun lè rí ohun tí ọkọ̀ máa ṣe. Ọkọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ohun ìṣeré tí ọmọdé ń fi bátìrì wà kiri pálọ̀. Bọ́gì ni, ọkọ̀ orí erùpẹ̀ tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ti ọkọ̀ gidi. Ó ń wọn nǹkan bí kílò mẹ́wàá, ẹ́ńjìnnì tó ń mu bẹntiróòlù ló sì ń tì í. Nínú àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan tiwọn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ara ẹ̀rọ ìgékoríko tí ẹlòmíì ti kà sí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì ọ̀hún. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde, ẹni tó kàn án ni gbogbo èèyàn ń yìn. Ìyìn náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò ká ọ̀rọ̀ náà. Mẹkáníìkì ló ń jí ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Ẹgbẹ́ àwọn onísáré àti ẹni tí ẹgbẹ́ yàn láti yẹ ọkọ̀ wò ló ń sọ ọ́ di ohun tí a lè fọkàn tán láàárín àwùjọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì yẹn dáadáa, nítorí kò sí àgbàyanu kankan nínú bó ṣe dé ẹ̀yìn bọ́gì. Ẹ́ńjìnnì Zenoah láti Jàpáànù wà lára àwọn tó lókìkí jù láàárín àwọn onísáré, pàápàá G230 àti G260. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìgékoríko. Ilé iṣẹ́ Husqvarna, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gégi, ló sì ra iṣẹ́ Zenoah lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Komatsu ní ọdún 2007. Ẹni tó bá ti ẹ̀rọ ìgékoríko dé orí bọ́gì, ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ gan-an gbà ló gbà. Ẹ́ńjìnnì tó-sítíróòkù (two-stroke) ni, kábúrétọ̀ rẹ̀ kò sì ní fílóòtù tó ń léfòó nínú ìkòkò epo. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń fa epo wọlé. Nítorí náà, bí ẹni tó ń gé koríko bá yí i sọ́tùn-ún sósì, bí bọ́gì bá sì fò kúrò lórí òkìtì tó fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀, epo kò ní yéé dé ẹ́ńjìnnì. Ohun tó sì máa ń sọ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ di ohun àpatì sábà máa ń kéré: epo tó pẹ́ nínú rẹ̀ gan mọ́ ojú ihò kábúrétọ̀, awọ náà gbẹ, tàbí okùn tí wọ́n fi ń fà á já. Ọlọ́gbọ́n mẹkáníìkì kì í fi ojú ìta dá a lẹ́jọ́. Ó máa tú sàlẹ́ńsà, á tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde, á sì wo ẹ̀gbẹ́ písítìnnì. Bó bá rí i pé ó ń dán, fífọ̀ àti awọ tuntun lè tó o. Bó bá rí ìlà tó ha láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà ti jóná nígbà kan rí, ìnáwó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ibi tí ìṣòro ti ń yọjú ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún kọ́ ló fẹ́ wá ṣe yìí. Ìbòrí ike tó wà lára rẹ̀ tóbi, ó sì máa ń dí ẹni tó fẹ́ gbé e sínú férémù lọ́wọ́, nítorí náà òun ni èèyàn máa ń tètè yọ sọ nù. Bẹ́ẹ̀, ìbòrí yìí ló ń darí atẹ́gùn tí àwọn abẹ̀bẹ̀ ara fìláwíìlì ń fẹ́ lọ sí ara sìlíńdà. Bí kò bá sí níbẹ̀, atẹ́gùn á fọ́n ká, písítìnnì á sì gan. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tí a ń tẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré ni bàtà inú rẹ̀ ń fẹ̀ kó lè di agolo tó yí i ká mú. Bó bá rọlẹ̀, sípíríǹgì á fa bàtà padà, ọkọ̀ á sì dúró jẹ́ẹ́. Jẹ́ kí sípíríǹgì kan ṣẹ́, ọkọ̀ á bẹ́ síwájú nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa okùn rẹ̀. Ọ́ìlì inú epo náà ní ìwọ̀n: àwọn onísáré sábà máa ń po ọ́ìlì kan mọ́ epo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyẹn mìlílítà 40 sínú lítà bẹntiróòlù kan. Ẹni tó ṣọ́ ọ́ìlì lò yóò ra písítìnnì. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa epo lára ẹ̀rọ ìgékoríko, bí èèyàn bá sì ti yọ ìka, epo á já. Lára bọ́gì, mọ́tò kékeré tó ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ rìmóòtù ló rọ́pò ìka yẹn, mọ́tò náà kì í sì í bẹ̀rù bí ìka ti ń bẹ̀rù.

Kí ni ìjàǹbá tó wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò dáhùn. Ọkọ̀ kílò mẹ́wàá tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, eré tí bọ́gì elépo lè sá, ní agbára nínú tó jọ ti àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 kan tó já bọ́ láti òkè tó ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Kò sí òbí tó máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dúró sábẹ́ irú àpò bẹ́ẹ̀. Bí bátìrì tó ń gbé rédíò ọkọ̀ bá kú nígbà tí kábúrétọ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀, mọ́tò kékeré yẹn á dúró síbi tó wà, ẹ́ńjìnnì á sì máa sáré lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní failsafe: bí ìgbì rédíò bá já tàbí tí bátìrì bá ti ń kú lọ, ó ní láti pa epo kó sì fa bíréèkì fúnra rẹ̀. Wọ́n tún ń wo sípíríǹgì tó yẹ kó ti kábúrétọ̀ pa bí ọ̀pá tó so ó mọ́ mọ́tò bá yọ. Àyẹ̀wò yìí kò gba àkókò. Wọ́n á gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè kí táyà má kan nǹkan kan, ọlọ́kọ̀ á fa epo díẹ̀, á wá pa rìmóòtù. Bí apá kábúrétọ̀ kò bá padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní wọ pápá.

Ẹnì kan lè ní mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè dá ṣe gbogbo èyí nílé rẹ̀. Ó lè ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ti sọ pé ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ewu kan wà tí ọgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò lè yanjú láéláé, ìtàn rédíò sì ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Kí àwọn rìmóòtù 2.4 GHz tó gbòde lẹ́yìn ọdún 2000, kírísítálì ló ń sọ ìkànnì tí rìmóòtù kọ̀ọ̀kan ń lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 27 MHz àti 40 MHz ni ti ọkọ̀, wọ́n fi 35 MHz sílẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Ní Amẹ́ríkà, 75 MHz ni ti ọkọ̀, 72 MHz ni ti òfuurufú. Bí ẹni méjì bá tan rìmóòtù lórí ìkànnì kan náà, ọkọ̀ ẹnì kan lè ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kó kàn án dáa tó. Ohun tó yanjú èyí ni pátákó kan tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì onínọ́ńbà kọ́: ẹni tí kò bá tíì mú pẹ́ẹ̀gì ìkànnì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tan rìmóòtù. Pátákó lásán ni, kò sì ná ẹgbẹ́ lówó tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò àfi bí gbogbo èèyàn bá gbà láti tẹ̀ lé e. Ìfohùnṣọ̀kan yẹn ni a ń pè ní ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ROAR ti wà láti ọdún 1967. BRCA ló ń ṣètò eré náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, EFRA ló kó àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù jọ, IFMAR sì ni àjọ àgbáyé tó so gbogbo wọn pọ̀.

Ẹ̀rí kejì wà nínú wíwọn ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ ká ní òfin ìdíje kan sọ pé ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ ju 23 cc lọ. Ihò sìlíńdà G230 fẹ̀ ní mìlímítà 32, písítìnnì rẹ̀ sì ń rin mìlímítà 28 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí 22.5 cc, ó bófin mu. Bí ẹnì kan bá fi sìlíńdà tó fẹ̀ ní mìlímítà 34 rọ́pò rẹ̀, ìrìn písítìnnì kò yí padà, ojú ìta náà lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó ti di 25.4 cc. Mìlímítà méjì péré ni olè náà, ọwọ́ tó di irinṣẹ́ ìwọ̀n mú nìkan ló sì lè mú un. Níbi tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹni tó lówó láti ra sìlíńdà ńlá ni yóò máa borí, ẹni tó mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ìdí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù á sì padà sílé.

Àwọn kan ń sọ pé àsìkò àyẹ̀wò ti lọ, nítorí pé bọ́gì bíi Baja 5B ti HPI tàbí ti FG láti Jámánì ti jáde ní pípé láti ilé iṣẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń yí sí mọ́tò oníná. Ṣùgbọ́n ìmìtìtì ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ tàbí gáréèjì ni wọ́n ti di bóòlùtù. Méjèèjì ló ń tú. Ọkọ̀ oníná tó wọn kílò mẹ́wàá sì ní agbára kan náà bó bá sá eré kan náà. Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní òfin ń pa ọgbọ́n. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní àwọn ìdíje ńlá ní Yúróòpù, àtòjọ wà fún àwọn sàlẹ́ńsà tí EFRA fọwọ́ sí, nítorí ariwo, èyí tí ẹnì kan bá fi iná jó pọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì lè gbà wọlé lásán. Òfin irú èyí ń ti oníṣẹ́ ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ń gbé ọjà àwọn ilé iṣẹ́ lárugẹ. Síbẹ̀, bí ariwo bá pọ̀ jù, àwọn aládùúgbò á ní kí wọ́n ti pápá pa, kò sì ní sí ibi tí oníṣẹ́ ọwọ́ náà máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tó bójú mu ni kí ìdíje àgbáyé le, kí ìdíje àdúgbò sì fi àyè gba ẹni tó kan tirẹ̀, bí failsafe, bíréèkì àti férémù rẹ̀ bá ti yege.

Ó kù àwọn tó máa ní eré òyìnbó ni èyí, kí ló kàn wá. Ẹ́ńjìnnì kàn wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní «I better pass my neighbour», tó-sítíróòkù ni òun náà, àwọn mẹkáníìkì wa sì ti mọ ìwà irú ẹ́ńjìnnì yìí dénú. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ láti òkè òkun wá fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Ọ̀pọ̀ ló jókòó sínú páálí rẹ̀, torí pé kò sí iná, kò sí ilé iṣẹ́, kò sí olùkọ́ tó lè lò ó. Ẹ́ńjìnnì ìgékoríko tí wọ́n ti jù nù kò nílò ìkankan nínú páálí yẹn. Ó lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí iná ṣe ń tàn nínú sìlíńdà, bí gíà ṣe ń ṣe ìṣirò, àti bí rédíò ṣe ń pàṣẹ fún irin. Àyẹ̀wò pàápàá kì í ṣe ohun àjèjì sí wa: kò sí ọ̀gá gidi tó máa fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní fírídọ̀ọ̀mù láìtíì wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu tí mo ṣírò lókè kò ní fojú fò wá torí pé ọmọ Nàìjíríà ni wá.

Nítorí náà, kí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn olùdarí JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, àti àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láti ibi tó yẹ. Kí wọ́n kọ òfin ojú ewé kan, kí wọ́n wá pápá tó ní ọgbà, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tó lè sọ fún ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pàápàá pé ọkọ̀ rẹ̀ kò ní sáré lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù.