Eyín Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bá ń bì, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó sì ń yàgbẹ́ olómi lemọ́lemọ́, ohun tí àwọn ìyá àgbà ilé wa máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé eyín ló fẹ́ hù. Ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé abẹ́ rẹ̀ ni àrùn gan-an ń sá pamọ́ sí. Lóòótọ́ ni eyín ń hù lásìkò náà, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn kan náà ni ọmọ ń rákòrò, tí ó ń ki gbogbo ohun tó bá bá nílẹ̀ bọ ẹnu, tí ó sì fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún rotavirus, ògbólógbòó nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ń da inú ọmọdé rú.

Ní ọdún 1973, ní ìlú Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ni Ruth Bishop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára ọmọ ènìyàn, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ alágbára tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìfun àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: fáírọ́ọ̀sì yìí tí kò tó ọgọ́rùn-ún péré lè dá ọmọ dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbẹ́ ọmọ náà a máa gbé e jáde ní bílíọ̀nù-bílíọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ibi rẹ̀. Inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ kò dán; ẹran wẹ́wẹ́ ló yọ lára rẹ̀ bí irun aṣọ ìnura, àwọn ni wọ́n sì ń fa omi, iyọ̀ àti oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣóńṣó orí wọn ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bà lé, tí yóò wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tí yóò máa bí sí i níbẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi kú, tí irun náà yóò sì kúrú. Omi tó yẹ kí ìfun fà yóò dúró. Ṣúgà inú wàrà tí kò rí ẹni lọ̀ ọ́ yóò tún fa omi mọ́ra. Fáírọ́ọ̀sì náà yóò sì pèsè májèlé kan tí ń mú kí ìfun fúnra rẹ̀ máa tú omi àti iyọ̀ síta.

Báyìí ni omi ṣe ń tán lára ọmọ, gbígbẹ ara yìí ló sì ń pa á. Àwújẹ rẹ̀ yóò jìn, yóò máa sunkún láìsí omijé, bí a bá sì fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀, yóò pẹ́ kí ó tó padà sípò. Ẹni tó bá rí èyí, ilé ìwòsàn ló yá. Oògùn apakòkòrò tí à ń sáré rà ní kẹ́míìsì kò ran fáírọ́ọ̀sì, owó tí ń bá a lọ sì ń ká mi lára. Ọ̀nà kan ṣáá ni àrùn náà kì í lè dí pátápátá: bí iyọ̀ àti ṣúgà bá wọ ìfun pọ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, omi a tẹ̀lé wọn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń po ORS, àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá, sínú omi mímọ́ ní ìwọ̀n tí a kọ sára ọ̀rá rẹ̀, tí a sì ń fi ṣíbí bù ú fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, kódà bí ó bá ń bì, láìdá ọmú dúró, pẹ̀lú oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14.

Láti ọdún 2022 ni Nàìjíríà ti fi àjẹsára rotavirus kún ti àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹnu ni a ń kán an sí, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọmọ tó gbà á ṣì lè yàgbẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà le débi tí a ó fi gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn.