Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ti Ẹ̀yìn Tú Àdììtú Ṣẹ́ẹ̀sì

Ní ọdún 1851, ògbóǹtarìgì méjì nínú ṣẹ́ẹ̀sì, Josef Kling àti Bernhard Horwitz, tẹ ìwé kan jáde ní London. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá ní ọba pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù méjì, tí ẹnì kejì sì ní ọba pẹ̀lú ẹṣin kan, ibì kan wà lẹ́bàá igun ọpọ́n tí ẹṣin náà lè dúró sí tí apá ò ní ká a. Ọ̀mì ni, wọ́n ní. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ́ẹ̀sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1983, nígbà tí Ken Thompson ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà já a: bíṣọ́ọ̀bù méjì a máa borí, bó tilẹ̀ lè gba ìgbésẹ̀ 66 kí wọ́n tó rí ẹṣin náà pa.

Báwo ló ṣe mọ̀? Ẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ to gbogbo ipò tí ọba ti kú jọ, ó wá bèèrè pé: ipò wo ló lè já síbí ní ìgbésẹ̀ kan? Èwo ló ṣáájú ìyẹn? Bó ṣe ń padà sẹ́yìn ló ń fi àmì ìborí tàbí ìpàdánù sí ipò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àmì kankan kò kàn ni ọ̀mì.

Ní 2012, kọ̀ǹpútà ńlá Lomonosov ní Mọ́síkò parí ìṣirò ìparí eré ọmọ méje, ọba méjèèjì mọ́ ọn. Ó rí ipò kan tí ó gba ìgbésẹ̀ 549 kí ọba tó kú. Ipò tó wà nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lé ní tírílíọ̀nù 400.

Kì í ṣe gbogbo àdììtú àtijọ́ ló wó. Ní 1895, Fernando Saavedra, àlùfáà ọmọ Sípéènì tó ń gbé Glasgow, rí i pé nígbà tí ọmọ kékeré bá dé òpin ọpọ́n nínú ipò kan, rúùkù ló yẹ kó dà, kì í ṣe ayaba. Bó bá di ayaba, alátakò á fi rúùkù tirẹ̀ rúbọ, ọba rẹ̀ á sì há síbi tí kò ti lè sún, eré á di ọ̀mì. Kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ó jẹ́rìí sí i.

Ọgbọ́n títi ẹ̀yìn ṣírò yìí kan náà ni John Romein àti Henri Bal lò ní Amsterdam ní 2002 láti tú awari, ìbátan ayò ọlọ́pọ́n wa. Bí ọ̀ta méjì tí kì í ṣìṣe bá pàdé, ọ̀mì ni.

Ìdájọ́ nìkan ni ẹ̀rọ ń dá. Kò sọ ìdí tí ìgbésẹ̀ 549 náà fi rí bó ṣe rí, kò sì mọ èyí tó rẹwà nínú wọn. Ènìyàn bíi Saavedra ló ń mọ ibi tó yẹ ká wò.