Katapílà Tí Kì Í Mu Dísẹ́ẹ̀lì

Wáyà iná ni mo kọ́kọ́ fi katapílà já láyé mi. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni. Ọ̀gá mi ní kí n da yẹ̀pẹ̀ sínú típà. Típà ni mò ń wò, n kò gbójú sókè rárá. Pàà! Iná ta, òórùn rọ́bà gba gbogbo ibẹ̀. "Má bọ́ sílẹ̀! Jókòó síbẹ̀!" ni ọ̀gá mi ké. Ọmọkùnrin tó ń wo ẹ̀yìn fún wa kò jìnnà sí mi ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ká ní ó fọwọ́ kan irin yẹn ni, òkú rẹ̀ là bá gbé relé. Ọ̀gá mi ò bú mi. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń gbọ̀n.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi de awò VR, èyí tó ń gbéni wọnú ayé àwòrán, mọ́ mi lójú, ó gbé mi jókòó, ó fi ọ̀pá méjì sí mi lọ́wọ́. Àfi bíi pé mo wọnú katapílà. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ onírin; mo wòkè, wáyà iná! (Ó jọ pé wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀.)

Àwòrán tí awò náà ń fi han ojú ọ̀tún yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì. Ọpọlọ ló ń pa méjèèjì pọ̀, tí yóò fi mọ ohun tó jìn yàtọ̀ sí èyí tó súnmọ́. Bí o bá yí orí, ayé inú rẹ̀ náà á yí. Ọ̀pá òsì ń yí ara ẹ̀rọ, ó sì ń na apá rẹ̀. Ti ọ̀tún ń gbé ọrùn rẹ̀ sókè sódò, ó sì ń ká bọ́kẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí ti ojúlówó. Mo já wáyà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú awò pọ́n, a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú, dísẹ́ẹ̀lì ò sì jó.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú ti gbọ́n ọgbọ́n fífi ayédèrú ẹ̀rọ kọ́ṣẹ́ yìí tipẹ́. Edwin Link, ọmọ ẹni tó ń ṣe dùùrù ní Binghamton ní Amẹ́ríkà, fi ẹwìrì dùùrù ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kì í kúrò nílẹ̀ lọ́dún 1929. Ohun ìṣeré ni wọ́n kà á sí. Ìgbà tí àwọn ológun tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó lẹ́tà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1934 ni ìjọba tó ra mẹ́fà.

Àmọ́ n kò ní purọ́: awò ò lè kọ́ni tán. Ìdí ni opirétọ̀ fi ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ìdí á ti mọ̀ kójú tó rí i, àga tí mo jókòó lé ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, òòyì kọ́ mi: ojú ní à ń rìn, inú etí ní a jókòó.

Síbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní katapílà, bí ọwọ́ yín bá tó o, ẹ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ yín já wáyà inú awò títí tí yóò fi sú u, kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọkùnrin tó ń wo ẹ̀yìn fún wa lọ́jọ́ yẹn ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí.