Ṣé Òótọ́ Ni Pé Nintendo Lé Gunpei Yokoi?

Wọ́n ní nígbà tí ẹ̀rọ géèmù Virtual Boy fìdí rẹmi lọ́dún 1995, ìwé gbéléẹ ni iléeṣẹ́ Nintendo já fún Gunpei Yokoi tó ṣe é.

Irọ́ ni. Pé ọjà náà kò tà, òótọ́ ni: àwòrán pupa lórí dúdú nìkan ló ń fi hàn, ó ń fọ́ àwọn mìíràn lórí, iye tí wọ́n sì rí tà kò tó 800,000. Ṣùgbọ́n Yokoi ò tíì kúrò. Oṣù Keje 1996 ni Game Boy Pocket, iṣẹ́ òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀, jáde. Oṣù Kẹjọ ló tó dágbére. Ọmọ ọdún 54 ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbèrò àtidá dúró. Ìtàn ọ̀gá tó bínú lé òṣìṣẹ́ dùn-ún gbọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n wo kàlẹ́ńdà.

Àwọn kan tún rò pé ògbóǹtarìgì kọ̀ǹpútà ni Nintendo lọ wá. Kọ̀ǹpútà wo? Lọ́dún 1965 tí Yokoi wọlé, káàdì ìṣeré hanafuda ni iléeṣẹ́ náà ń ṣe ní Kyoto, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe káàdì ni wọ́n ní kó máa tọ́jú. Nígbà tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó ṣe ọwọ́ àtọwọ́dá kan: tó bá ti fún ìdí rẹ̀ pọ̀, á nà gbọọrọ lọ mú nǹkan lókèèrè. Hiroshi Yamauchi, ọ̀gá àgbà, rí i níbi tó ti ń fi í ṣeré. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó ti ń retí ìbáwí. Ni ọ̀gá bá ní kó sọ ọ́ di ọjà. Ultra Hand nìyẹn, lọ́dún 1966, ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Wọ́n ní àìmọ̀-ọ́n-ṣe ló jẹ́ kí ojú Game Boy ti 1989 ṣú, kó má ní àwọ̀. Rárá o, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Lynx tí Atari gbé jáde lọ́dún yẹn kan náà ní àwọ̀, àmọ́ wákàtí mélòó kan ló fi ń jẹ bátìrì mẹ́fà tán. Mẹ́rin péré ni Game Boy ń lò, ó sì ń ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Ìlànà Yokoi ni kí a mú ohun àtijọ́ tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, tí gbogbo ẹnjiníà ti mọ̀ dunjú, kí a wá iṣẹ́ tuntun fún un. Bí ẹ̀rọ géèmù kékeré Game & Watch ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: ó rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń fi ẹ̀rọ ìṣirò pa ìrònú rẹ́.

Tèmi ni pé ìlànà yìí kan náà ló ṣe Virtual Boy lọ́ṣẹ́. Nínú àwọn iná kékeré ìgbà náà, pupa ló rọjú jù, òun ni kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ bátìrì.

Ẹni tó bá sì ní ìjákulẹ̀ yẹn ló yí Yokoi lérò padà, kó wo ẹ̀rọ géèmù WonderSwan, tó bá Bandai ṣe ní Koto, iléeṣẹ́ tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò. Ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á ní oṣù Kẹwàá 1997, kí ẹ̀rọ náà tó jáde lọ́dún 1999. Dúdú àti funfun lojú rẹ̀, bátìrì kan ṣoṣo ló sì ń lò.